Ìrìn òwúrọ̀ lórí òkè Èkìtì: bí ẹ ṣe lè rí i wò dáadáa láì mí hẹlẹhẹlẹ

Ẹni tó bá dúró sórí Ọlọ́ṣuntà, àpáta ńlá tó wà ní Ìkẹ́rẹ́, kò lè rí Ọlọ́ṣuntà. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wíwo òkè ní Èkìtì ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àlejò tó ń ti Èkó tàbí Ìbàdàn bọ̀, òkè tó ga jù ni wọ́n máa ń wá. Wọ́n á fi agídí gùn ún, oòrùn á ti mú kí wọ́n tó dé orí rẹ̀, ohun tí wọ́n á sì rí níbẹ̀ kò ju òrùlé páànù àti igbó lọ, nítorí òkè tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wá ti wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ẹni tó bá gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kékeré tó dojú kọ ọ́ ló máa rí i láti ìdí dé orí, tí á sì ṣì lókun láti jókòó wò ó.

Irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé: kìlómítà 3 sí 5, àlọ àti àbọ̀, láàárọ̀ kùtù, tí ẹ óò sì ti padà dé ìlú kí ooru tó mú. Kì í ṣe ti àwọn tó ń fi okùn gun àpáta. Ti ìyá tó fẹ́ mú ọmọ dání ni, ti bàbá tí orúnkún ń ro díẹ̀díẹ̀, ti agùnbánirọ̀ tí wọ́n gbé wá sí Adó tí kò tíì rìn kọjá Ọjà Ọba.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ yan òkè tí ẹ óò rìn, ẹ yan èyí tí ẹ óò wò

Àwọn méjèèjì kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà. Oríṣi òkè méjì ló pọ̀ jù ní Èkìtì, ìwà wọn kò sì jọra lábẹ́ ẹsẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni àpáta rìbìtì, irú Ọlọ́ṣuntà àti Orólé ní Ìkẹ́rẹ́, àti àwọn tó yí Adó ká. Inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni òkúta wọn ti dì, ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Òjò àti ọ̀gbàrá ló ń gbá ilẹ̀ orí wọn lọ díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi yọrí síta. Bí ẹrù orí àpáta bá sì ti ń fúyẹ́, ara rẹ̀ á máa là, á máa bó ní ìpele-ìpele bí àlùbọ́sà. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi máa ń tẹ́ borobo, tó sì máa ń ga sókè lójijì láti ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó dára láti wò. Kò dára fún orúnkún bàbá.

Èkejì ni òkè gbọọrọ, tó nà láti àríwá sí gúúsù ní apá ìwọ̀ oòrùn ìpínlẹ̀ náà, tí igi àti koríko bò lórí. Òun ló gba Òkèmẹ̀sí àti Ẹfọ̀n-Aláàyè kọjá dé agbègbè Ìkọ̀gòsì. Òkúta funfun tó le koko ló wà nínú rẹ̀, tí òjò kò tíì rí jẹ, tí àwọn ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi wọlẹ̀ tí òun ṣì dúró. Omi gbígbóná Ìkọ̀gòsì pàápàá, inú òkúta yìí ló ti ń sun: omi òjò wọ ilẹ̀ lọ jìnnà, ó gbóná níbẹ̀, ó wá gba ojú ibi tí òkúta ti là jáde. Orí irú òkè yìí ni kí ẹ ti rìn. Bí ẹ bá ti gun èjìká rẹ̀ tán, ẹ̀yìn rẹ̀ kì í tún le mọ́.

Ẹni tó bá bi mí pé ibo ni kí òun ti bẹ̀rẹ̀, Ẹfọ̀n-Aláàyè ni màá ní kó lọ. Ọkọ̀ tó ń lọ síbẹ̀ láti Adó á gba Ìyìn, Ìgèdè àti Àràmọ̀kọ, kí ẹ sì tó wọ ìlú ni ọ̀nà ọ̀dà á ti máa gùnkè, tí á máa lọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Àárín òkè ni ìlú náà wà, nítorí náà mọ́tò á ti bá yín gun apá kan kí ẹsẹ̀ yín tó kan ilẹ̀. Ohun kejì tí mo fi fẹ́ràn ibẹ̀ ni àwọn òkè àdúrà. Ẹfọ̀n ni wọ́n sin wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá ti Ìjọ Àpọ́sítélì Kristi sí lẹ́yìn tó kú ní 1959, àwọn onígbàgbọ́ sì ń ti ibi gbogbo wá gbàdúrà ní ìlú náà. Ibi tí ẹsẹ̀ bá ti ń gbà lọ gbàdúrà lójoojúmọ́, ọ̀nà ibẹ̀ á là, koríko kò ní bò ó, ìyá àgbà á sì ti gbà á lọ, á ti gbà á bọ̀. Ọ̀nà tí ìyá àgbà ń gbà kò lè pa yín lára.

Òkèmẹ̀sí wà lórí òkè gbọọrọ kan náà, síwájú lápá àríwá. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìtàn ni kó lọ síbẹ̀. Ibẹ̀ ni Fábùnmi ti wá, akọni tó dìde sí àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, tí ọ̀ràn náà fi di ogun Kírìjì láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 1886. Ẹ dúró lórí òkè níbẹ̀, ẹ kọjú sí ìhà ibi tí Ìmẹ̀sí-Ilé àti Igbájọ wà, ẹ óò mọ ìdí tí àwọn jagunjagun fi ń du orí òkè mọ́ ara wọn lọ́wọ́: kò sẹ́ni tó lè yọ́ wá bá yín láti ìsàlẹ̀.

Ìkọ̀gòsì rọrùn jù fún ọmọdé àti arúgbó. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tí wọ́n ti tún ṣe wà láàárín ọgbà, omi gbígbóná àti omi tútù á sì pàdé lójú yín. Àmọ́ inú àfonífojì ni, ẹ kò ní rí òkè jìnnà. Bí ẹ bá ti débẹ̀, ọ̀sọọ̀rọ̀ omi Ìpólé-Ìlórò kò jìnnà.

Ìkẹ́rẹ́ ní tirẹ̀, ẹ lọ wò ó, ẹ má fi Ọlọ́ṣuntà ṣe òkè àkọ́gùn. Ojú ọ̀nà Adó sí Àkúrẹ́ ló wà. Ẹ wọ ìlú, ẹ rìn gba àdúgbò tó ga díẹ̀, kí ẹ máa wá ibi tí ilé kò ti bo ojú yín. Ìrìn ìṣẹ́jú 40 nínú ìlú náà lè fún yín ní ìran tí ẹni tó fi wákàtí mẹ́ta gun àpáta kò rí.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ ìgbà, ẹ mọ aago

Èyí ni àwọn èèyàn máa ń ṣì mú jù. Wọ́n á ní ẹ̀ẹ̀rùn ló dára torí pé ilẹ̀ gbẹ. Ilẹ̀ gbẹ lóòótọ́, ojú ọ̀run ńkọ́? Láti nǹkan bí àárín oṣù Kejìlá wọ oṣù Kejì, ọyẹ́ máa ń kó eruku aṣálẹ̀ Sàhárà wá, òkè tí kò ju kìlómítà mẹ́ta sí yín lọ á kàn máa hàn fírífírí. Ẹ óò gun òkè tán, ẹ óò wo eruku. Ẹni tó bá jẹ́ pé ìsinmi Kérésì nìkan ló lè fi wálé, kó lọ, kó ṣáà má retí pé òun á rí ìlú kẹta.

Ìgbà méjì ló dára jù. Àkọ́kọ́ ni ìparí oṣù Kẹwàá títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá: òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ewé ṣì tutù, ọyẹ́ kò sì tíì dé. Èkejì ni ìparí oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti fọ ojú ọ̀run. Bí òjò ńlá bá rọ̀ ní alẹ́, tí ilẹ̀ mọ́ láìsí ìkùukùu, ẹ pa gbogbo iṣẹ́ tì. Irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀ ni òkè máa ń sún mọ́ni, tí ẹ óò máa ka igi orí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àárín òjò gan-an, oṣù Kẹfà àti Keje pẹ̀lú oṣù Kẹsàn-án, ní ẹwà tirẹ̀. Kùrukùru á kún inú àfonífojì ní ìdájí, orí òkè nìkan ni yóò yọ síta. Ṣùgbọ́n àpáta á máa yọ̀, ọ̀nà á máa rẹ̀, koríko á sì ti ga ju ọmọdé lọ. Ẹni tó ti mọ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni mo lè gbà níyànjú pé kó lọ ní irú ìgbà yẹn.

Ní ti aago, oòrùn kì í yọ lẹ́yìn aago 7 ní Èkìtì. Ní oṣù Kẹwàá àti Kọkànlá, aago 6 kọjá ìṣẹ́jú 20 tàbí 30 ni. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín ti wà lójú ọ̀nà bí ilẹ̀ bá ti mọ́ tí ẹ lè rí ibi tí ẹ ń tẹ̀, kí ẹ sì ti sọ̀ kalẹ̀ kó tó di aago 10 àbọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, àpáta á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná láti ìsàlẹ̀, oòrùn á máa jó yín láti òkè.

Ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ ni ìjì àti àrá sì máa ń pọ̀ jù nígbà òjò. Ẹ má ṣe bá àrá ta kangbọ̀n lórí àpáta tí kò sí igi. Bí ẹ bá rí mànàmáná, ẹ ka ìṣẹ́jú-àáyá títí ẹ óò fi gbọ́ àrá: mẹ́ta-mẹ́ta ni kìlómítà kan. Bí kò bá pé 30, kò tó kìlómítà 10 sí yín. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ kíá. Ẹ má sá sábẹ́ igi kan ṣoṣo, ẹ má sì lọ fẹ̀yìn ti ọ̀pó nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ gbàṣẹ

Kò sí òkè kan ní Èkìtì tí kò ní ẹni tó ni ín. Ó lè jẹ́ ti ọba, ti ẹbí kan, ti ìjọ, tàbí ti òrìṣà. Ọlọ́ṣuntà kì í ṣe àpáta lásán lójú ará Ìkẹ́rẹ́. Òrìṣà ni, wọ́n sì ń ṣe ọdún rẹ̀. Torí náà, bí ẹ bá dé ìlú, ẹ má wulẹ̀ wá ọ̀nà fúnra yín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà àdúgbò tó sún mọ́ òkè náà pé ta ló ni ibẹ̀, ta ló ń mú àlejò lọ, ṣé ọjọ́ tí ẹ mú kò bọ́ sí ọjọ́ ọdún tàbí ọjọ́ ìṣẹ̀ṣe. Bí ẹ bá lè ṣe é ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ó dára jù, nítorí aago 6 àárọ̀ kò dára láti máa kan ilẹ̀kùn baálé ilé.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ gba ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́ lọ, ààfin yẹn ni Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún, èyí tó wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1924. Ẹni tó bá fẹ́ wo ìyẹn kò nílò bàtà òkè, ìwé ìrìnnà ló máa wá.

Ẹ mú ọ̀dọ́ kan láti ìlú náà dání. Ẹ bá a dá iye owó kí ẹ tó gbéra, kì í ṣe nígbà tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀. Kì í ṣe pé ọ̀nà ṣòroó mọ̀ nìkan. Ojú tó mọ̀ ọ́n ló máa jẹ́ kí olóko má bi yín léèrè lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá bá àgbẹ̀ pàdé, ìkíni ló ń ṣáájú ọ̀rọ̀:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Àárọ̀ yìí á san wá o.”

“Àṣẹ. Ẹ kú ìrìn. Ibo lẹ dojú kọ?”

“Òkè la fẹ́ lọ wò, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé a lè gba etí oko yín kọjá?”

“Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ kòkó yẹn. Ẹ má gba àárín ebè o.”

Ẹ má gba àárín ebè lóòótọ́. Iṣu wà lábẹ́ rẹ̀, ẹni tó bá tẹ ebè wó ti ba iṣẹ́ oṣù púpọ̀ jẹ́. Bí ẹ bá rí ààlè tí wọ́n fi kọ́ sára igi, ìbáà jẹ́ àkísà tàbí ìkarahun ìgbín, ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun níbẹ̀, ọsàn tó já sílẹ̀ pẹ̀lú. Bí màrìwò bá sì wà lẹ́nu ọ̀nà, ibẹ̀ ni ìrìn yín parí sí ní apá yẹn. Ẹ yà, ẹ má bi ọ̀dọ́ tó ń mú yín lọ pé kí ló wà lọ́hùn-ún. Ó lè mọ̀, ó lè má fẹ́ sọ.

Lórí òkè àdúrà, òfin ìjọ ni ẹ máa tẹ̀ lé. Àwọn kan máa ní kí ẹ bọ́ bàtà, àwọn kan máa ní kí obìnrin bo orí tàbí kó má wọ ṣòkòtò. Ẹ béèrè nísàlẹ̀ kí wọ́n má baà dá yín padà lókè. Ẹ fi fóònù sínú àpò. Ẹni tó ń sunkún níwájú Ọlọ́run rẹ̀ kò wá ya fọ́tò.

Ọ̀rọ̀ ààbò kì í ṣe ohun tí a lè gbójú fò. Ọ̀nà inú igbó tó jìn sí ìlú kò dára fún àlejò ní àsìkò yìí. Ẹ rìn ní ibi tí ẹ ti ń rí òrùlé tàbí oko tí èèyàn wà, ẹ lọ ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin ó kéré tán, ẹ sì bi àwọn ọlọ́dẹ ìlú tàbí Àmọ̀tẹ́kùn bí apá ibẹ̀ ṣe rí ní ọ̀sẹ̀ náà. Bí wọ́n bá ní ẹ má lọ, ẹ padà. Òkè ò ní sá lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ múra

Bàtà ló ṣe pàtàkì jù. Kánfáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà rírọ̀ tó sì ní ilà ti tó. Bàtà rọ́bà tí àwọn àgbẹ̀ ń wọ̀ náà di àpáta gbígbẹ mú dáadáa, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Sálúbàtà kọ́, bàtà aláwọ̀ tó ń dán kọ́.

Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn tàbí yẹ̀rì gígùn, kí ẹ sì fi ìbọ̀sẹ̀ bo ọrùn ẹsẹ̀, nítorí eésún máa ń ya ara, wèrèpè sì wà. Èso wèrèpè máa ń gbẹ ní ẹ̀ẹ̀rùn, irun ara rẹ̀ á máa fẹ́ lọ pẹ̀lú atẹ́gùn. Bí ó bá kàn yín, ẹ má họ ọ́, ẹ má sì fi ọwọ́ yẹn nu ojú. Ẹ bọ́ aṣọ tó kàn kúrò, ẹ má gbọ̀n ọ́n sí ara ẹlòmíràn. Ẹ má sì fín lọ́fínńdà olóòórùn dídùn lọ. Oyin ń gbé ojú ihò àpáta, kò fẹ́ràn rẹ̀.

Omi: lítà kan àbọ̀ fún àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn pure water mẹ́ta. Ẹ kó náílọ́ọ̀nù rẹ̀ padà. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń kà á níbí kì í jù ú sílẹ̀. Ẹ wá bá mi ṣàlàyé àwọn tó kún ibi ìjókòó gbogbo.

Oúnjẹ kò gbọ́dọ̀ wúwo. Ẹ̀kọ àti àkàrà kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n nínú àpò. Iyán kọ́ ni oúnjẹ àlọ, ti àbọ̀ ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Èkìtì la wà.

Fóònù tí bátìrì rẹ̀ kún, tọ́ọ̀ṣì kékeré, àsopọ̀ kan láti fi di ọgbẹ́, fìlà. Ẹ gba àwòrán ilẹ̀ agbègbè náà sórí Google Maps nílé, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè wà lórí òkè kó má sí ní àfonífojì. Ẹ fi ibi tí ẹ wà ránṣẹ́ sí ẹnì kan lórí WhatsApp, kí ẹ sì sọ aago tí ẹ óò pè é fún un.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ gùnkè

Kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀, ẹ ṣírò. Ẹni tí ara rẹ̀ le máa ń rin kìlómítà 5 láàárín wákàtí kan ní ilẹ̀ tó tẹ́, ẹ wá fi ìṣẹ́jú 10 kún un fún mítà 100 kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá gùn. Bí ọ̀nà bá jẹ́ kìlómítà 4 ní àpapọ̀, tí ẹ óò sì gun mítà 150, ó tó wákàtí kan ó lé díẹ̀. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì bí ọmọdé tàbí àgbà bá wà láàárín yín, ẹ fi ìdajì wákàtí jókòó. Ẹni tó bá gbéra ní aago 6 àbọ̀ á ti padà dé ní aago 9 kọjá díẹ̀. Ẹ dá aago ìpadà, bóyá aago 8, kí ẹ sì yí padà tó bá lù, ìbáà ku ìṣísẹ̀ ogún kí ẹ dé orí.

Ẹni tó bá ń lọ́ra jù ni kí ó ṣáájú. Bí ẹ kò bá lè sọ gbólóhùn kan tán láì mí léraléra, ẹ ti yára jù. Níbi tó bá ti dàgẹ̀rẹ̀ gan-an, ẹ má dojú kọ ọ́ tààrà. Ẹ gbà á ní ẹ̀gbẹ́, ẹ tún yí gba ẹ̀gbẹ́ kejì; ó máa ń gùn díẹ̀, àyà kì í sì í já. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kó lo oògùn rẹ̀ ní àárọ̀ yẹn bí dókítà ṣe sọ, kó má fi sílẹ̀ nítorí ìrìn.

Tí ẹ bá bọ́ sórí àpáta lásán, ẹ wo àwọ̀ rẹ̀. Ilà dúdú tó ń ṣàn láti òkè wá sílẹ̀ ni ibi tí omi òjò ń gbà. Ohun tó ń hù síbẹ̀ máa ń yọ̀ burúkú tí ó bá tutù, kódà bí ìyókù àpáta bá ti gbẹ. Ẹ gba ibi tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú tó sì rí gbàràgàdà. Ẹ fi gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, ẹ má fi ọmọ ìka nìkan gùn, ẹ má sì tẹ̀ síwájú fi ọwọ́ gbá àpáta mú: bí ara bá ti tẹ̀ jù, ìwúwo yín á kúrò lórí ẹsẹ̀, bàtà á sì yọ̀.

Ẹ tún fetí sílẹ̀. Mo ti sọ pé àpáta yìí ń bó. Níbi tí ìpele kan ti ya kúrò lára ìyá rẹ̀, bí ẹ bá fi ọ̀pá kàn án, á dún gbò-gbò, bí kò bá ya, á dún kán-án. Ẹ yà fún ibi tó ń dún gbò-gbò, pàápàá létí. Ẹ má ti ọwọ́ bọ ojú ibi tó là, ejò máa ń sinmi níbẹ̀. Aláǹgbá olórí pupa tó bá ń yáàrùn lórí àpáta kò ní ṣe yín ní nǹkan kan, ọmọdé lè máa lé e.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ wò ó

Ẹ má dúró nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ rí nǹkan. Ẹ wá ibi tí ẹ ti lè fi ẹ̀yìn kọ oòrùn. Láàárọ̀, oòrùn wà ní ìlà oòrùn, nítorí náà òkè tó bá wà ní ìwọ̀ oòrùn yín ni ìmọ́lẹ̀ á bọ́ sí lójú, gbogbo ilà ara rẹ̀ á yọ. Èyí tó wà lápá oòrùn á kàn dúdú ni. Bí ẹ bá ń ya fọ́tò, èyí ṣe pàtàkì ju kámẹ́rà olówó ńlá lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó, ó kéré tán ìṣẹ́jú 20. Ojú kì í tètè rí òkè. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìtòsí: oko iṣu, ọ̀pẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀, kòkó tó ṣú dùdù lábẹ́ igi ńlá. Ẹ wá gbé ojú sí òrùlé, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, kí ẹ tó lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ẹ bi ọ̀dọ́ tó mú yín wá ní orúkọ òkè kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ wọn kò sí nínú àwòrán ilẹ̀, ẹnu ará ìlú ni wọ́n wà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ bi àgbà mìíràn nísàlẹ̀, torí àdúgbò méjì lè pe òkè kan ní orúkọ méjì, wọ́n sì lè bá yín jà sí i.

Ẹ má kọ orúkọ yín sára àpáta. Ẹ má dá iná.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ sọ̀ kalẹ̀

Ìsọ̀kalẹ̀ ló ń ṣe orúnkún, kì í ṣe ìgùnkè, ìgbà tí ara bá sì ti rẹ èèyàn díẹ̀ ló máa ń ṣubú. Ẹ mu omi kí ẹ tó dìde. Ẹ so okùn bàtà yín le sí i kí ọmọ ìka má baà máa gún iwájú. Ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, ẹ gbé ìṣísẹ̀ kékeré, ẹ di ọ̀pá mú ní ìsàlẹ̀ yín. Níbi tó bá ga jù, ẹ yíra sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àgbàlagbà kan kó wà níwájú ọmọdé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má sáré, kódà bí ẹ bá ti ń gbọ́ òórùn àkàrà láti ìlú.

Bí ejò bá bu ẹnì kan jẹ, ẹ mú un kúrò nítòsí ejò náà, ẹ jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́, ẹ bọ́ òrùka àti aago ọwọ́ rẹ̀, ẹ má gé e, ẹ má fẹnu fà á, ẹ má sì fi okùn dì í pinpin. Ẹ gbé e, kó má fẹsẹ̀ rìn bí ó bá ṣeé ṣe, kí ẹ sì kọjú sí ilé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn ńlá ti ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn wà ní Adó àti ní Ìdó-Èkìtì. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112. Bí ọrùn ẹsẹ̀ bá rọ́, ẹ fi aṣọ dì í láì bọ́ bàtà títí ẹ óò fi dé ìsàlẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá dé ìlú, ẹ pe ẹni tí ẹ ní ẹ óò pè, ẹ san owó ọ̀dọ́ tó mú yín lọ bí ẹ ṣe ṣàdéhùn, ẹ sì padà lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbà yín láyè. Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti ń gún iyán tó dára ní àdúgbò náà. Bí wọ́n bá tọ́ka sí ibì kan, ẹ wò ó bóyá odó ń dún níbẹ̀ kí ẹ tó jókòó.